Ohùn tí gbogbo wa gbọ́, tí ẹnì kankan ò sọ

Ohùn náà kò pọ̀. Bí ìgbà tí wọ́n bá já àpò gàrí lulẹ̀ ní yàrá kejì ló rí: gbùù, ó sì parí. Ilẹ̀ tí mo dúró lé rọra rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo wo obìnrin tó wà níwájú mi, kò bojú wẹ̀yìn. Mo wo ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi, ó ń tún ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ṣe. Èmi náà bá gbé ẹsẹ̀, mo ń tẹ̀ lé wọn lọ.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọmọ Ìsẹ́yìn ṣe dórí òkè yìnyín ní Hokkaido, erékùṣù ńlá tó wà ní àríwá Japan, torí màmá mi ṣì ń bi mí ní ìbéèrè náà títí dòní, kò sì tíì sí ìdáhùn mi kan tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìwé ló gbé mi lọ. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń jápa lọ sí Kánádà àti ìlú ọba, èmi rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Japan gbà. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní èmi nìkan ni wọ́n ní kó jápa tó lọ gbọ́ ọ ní Japan. Sapporo, olú ìlú Hokkaido, ni mo bọ́ sí. Èèyàn tó ń gbé ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì, síbẹ̀ yìnyín tó ń rọ̀ síbẹ̀ lọ́dún kan á tó nǹkan bíi mítà márùn-ún. Atẹ́gùn tútù ló ń ti Siberia wá. Bó bá ṣe ń gba orí Òkun Japan kọjá, á máa fa omi òkun mu bíi kànìnkànìn, bó bá sì ti kọlu àwọn òkè etíkun, á da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kìíní, ó lè máa rọ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìdá.

Èdè wa ò múra sílẹ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń bá òjò bọ́ tó ń lu páànù, yìnyín la ń pè é. Omi tó dì nínú fíríìjì, yìnyín náà ni. Bíbélì ní "òjò dídì", ìyẹn sún mọ́ ọn díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo bá ní Hokkaido, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní konayuki, bí èlùbọ́ ló rí. Bó o bá bù ú sí àtẹ́lẹwọ́ tó o fẹ́ atẹ́gùn sí i, á fò lọ. Kì í ṣeé mọ ní bọ́ọ̀lù. Ohun tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò rò pé ó lè pa èèyàn?

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ mi, mo ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń yẹ ilẹ̀ oko wò. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó fi bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ, tí gbogbo wọn ń pè ní senpai. Ẹni tó ṣáájú ẹni débi iṣẹ́ tàbí ilé ìwé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ojúṣe àti ọ̀wọ̀ tó rọ̀ mọ́ ọn kò kéré. Lọ́kàn mi, Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é, orúkọ náà ni màá sì máa lò níbí. Òun ló kọ́kọ́ so síkì, pákó gígùn tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

Òkè Teine ló mú mi lọ, ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ṣe Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní 1972. Láti orí rẹ̀, wàá máa wo òkun nísàlẹ̀. Èmi ò ráyè òkun. Ilẹ̀ ni mò ń wò, torí òun ni mò ń bá pàdé ṣáá. Àwọn ọmọ kéékèèké ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bíi lékeléke. Ilé ìwé ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní síkì ní Hokkaido, bí wọ́n ṣe ń kó àwa jáde sá eré nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ dúró, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí mi kí n fi dìde. Mo dìde. Mo tún ṣubú. Ó wò mí díẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, ó ti rí i pé iṣẹ́ náà ju òun lọ.

Ṣùgbọ́n mo tẹra mọ́ ọn. Nígbà tó fi di ìgbà òtútù kẹrin, mo ti ń gba àárín igi sọ̀ kalẹ̀. Ohun kan ò sì kúrò lọ́kàn mi ní gbogbo àkókò yẹn: èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú lórí òkè náà. Bí ẹlòmíì bá ṣubú, ẹnì kan ló ṣubú. Bí èmi bá ṣubú, gbogbo Áfíríkà ló ṣubú. Ní 2022, nígbà tí Samuel Ikpefan lọ fi síkì sá eré fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Beijing, mẹ́ta nínú àwọn ará ibi iṣẹ́ wa ló bi mí bóyá mọ̀lẹ́bí mi ni. Mo ní rárá o. Mo tún ní Simidele Adeagbo tó ṣe skeleton ní Òlíńpíìkì 2018, eré tí wọ́n ń dojú bolẹ̀ lórí ohun pẹlẹbẹ kan tí wọ́n sì ń yọ̀ lórí omi dídì, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ orúkọ ilé wa. Wọ́n kígbe ìyàlẹ́nu. Inú mi dùn, mo sì fi kún ẹrù tí mo ti gbé lérí: n kò gbọ́dọ̀ ṣe ojo.

Ẹrù yẹn ni mo gbé kọjá sí ẹ̀yìn okùn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe síkì ní ààlà, okùn ni wọ́n fi ń pààlà rẹ̀. Nínú okùn, àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè wà níbẹ̀ láti ìdájí, wọ́n ń yẹ ilẹ̀ wò, wọ́n ń ti ibi tó léwu pa. Ní ẹ̀yìn okùn, kò sí ẹ̀ṣọ́, kò sí lífìtì, kò sí ipa ọ̀nà kankan àyàfi ti ẹsẹ̀ rẹ. Yìnyín ibẹ̀ ni ẹnì kankan ò tíì fọwọ́ kàn. Òun làwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá láti Ọsirélíà àti Hong Kong, wọ́n sì ti pọ̀ débi pé ní abúlé Hirafu lẹ́sẹ̀ òkè Niseko, owó abọ́ ramen kan, ìyẹn núdù tó ní omi ọbẹ̀, lè mú kó o rántí ìyá rẹ.

Ohun kan wù mí nípa Niseko ṣá. Òkè wọn, Niseko Annupuri, ga ní mítà 1,308, kì í ṣe òkè gíga. Ṣùgbọ́n nadare, ìyẹn yìnyín tó ya lulẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń ya lásìkò òjò, ti pa èèyàn níbẹ̀ rí, wọ́n sì jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Wọn ò sọ pé kéèyàn má jáde mọ́. Wọ́n ṣe géètì. Bó o bá fẹ́ jáde lọ sí ẹ̀yìn okùn, géètì ni kó o gbà. Bí géètì bá wà ní títì, o ò gbọ́dọ̀ jáde. Ẹni tó bá gba abẹ́ okùn sá jáde ti rúfin, wọ́n sì lè gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Haru no Taki tí wọn kì í ṣí rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbà òtútù, ìkìlọ̀ nadare á jáde: bí atẹ́gùn ṣe fẹ́ lóru, ibi tó kó yìnyín jọ sí, ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún. Òfin Niseko ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kò bú ẹnikẹ́ni ní òmùgọ̀. Ó gbà pé èèyàn á lọ, ó wá ń sọ ibi tí wọ́n lè gbà àti ìgbà tí kò yẹ kí wọ́n lọ.

Ẹ̀gbọ́n ò gbà kí n ya géètì kankan láìní ohun èlò mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni bíkọ̀n, ẹ̀rọ kékeré tí a ń so mọ́ àyà, tó ń ké láìdákẹ́ kí ẹlòmíì lè fi tirẹ̀ gbọ́ ọ bí yìnyín bá bò ọ́ mọ́lẹ̀. Ìkejì ni zonde, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ká wọ àpò, tó bá nà tán á tó nǹkan bíi mítà méjì àbọ̀, òun la fi ń gún yìnyín wò. Ìkẹta, ṣọ́bìrì. Owó bíkọ̀n náà ká mi lára. Mo bi Ẹ̀gbọ́n bóyá n kò kúkú lè yá ti ẹlòmíì. Ó ní, "Ẹni tó o bá yá tirẹ̀, kí ni yóò fi wá ọ?"

Ó ri àpò kan mọ́ inú yìnyín ní pápá kan lẹ́bàá odò, ó ní kí n wá a. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ni mo lò. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ti hú u jáde. Ó wo aago, ó ní, "Ó ti ń kú lọ." Ìṣirò tí wọ́n ṣe ní Switzerland ló tẹ̀ lé: bí nǹkan bá bò èèyàn mẹ́wàá mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì wú wọn jáde láàárín ìṣẹ́jú 15, bíi mẹ́sàn-án á yè é. Bó bá fi máa di ìṣẹ́jú 35, bíi mẹ́ta ló kù. Àìrí atẹ́gùn mí ló ń pa wọ́n, kì í ṣe òtútù. Hẹlikópítà kì í sì í dé láàárín ìṣẹ́jú 15. Àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ lórí òkè, àwọn ni ọlọ́pàá, àwọn ni dókítà. A ri àpò náà títí mo fi dé ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Igi náà ń pani níbẹ̀ o, ẹ má ṣe jẹ́ n gbàgbé. Ẹ̀ka rẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀ kì í jẹ́ kí yìnyín ki sí ìdí rẹ̀, kòtò á wà lábẹ́ tí ojú ò rí. Èèyàn á ṣubú sínú rẹ̀ lórí, ẹsẹ̀ á wà lókè. Ó ṣe mí rí. Bí mo ṣe ń jà ni yìnyín ń bọ́ sí mi lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ló fà mí lẹ́sẹ̀ jáde bí ẹní fa ìyá iṣu. Torí ìyẹn la ṣe ń lọ ní méjì-méjì.

Nítorí náà, ẹ máa wò ó pé mo mọ ohun tó yẹ kí n mọ̀. Mo ti san owó ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì lórí nadare. Mo mọ̀ pé ojú òkè tó dàgẹ̀rẹ̀ ní dígírì 30 sí 45 ló máa ń ya jù. Mo mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó kú, àwọn fúnra wọn tàbí ẹni tó bá wọn rìn ló tẹ ibi tó fi ya. Àìmọ̀kan kọ́ ló fẹ́ pa wá.

Oṣù kejì ni. Ọjọ́ méjì ni yìnyín fi rọ̀ pẹ̀lú atẹ́gùn líle, ọjọ́ kẹta, ojú ọ̀run mọ́ kedere bí ojú ọmọ tuntun. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí eré yìí mọ̀ pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló burú jù, torí yìnyín ò tíì fìdí mọ́lẹ̀, oòrùn sì ń pe èèyàn. Àwa márùn-ún la lọ: Ẹ̀gbọ́n níwájú, obìnrin kan láti ẹ̀ka ìṣirò owó tí mo máa ń pè ní Àǹtí, akọ̀wé ilé iṣẹ́ wa, èmi, àti ọmọ yunifásítì kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Òkè náà wà ní ìwọ̀ oòrùn Sapporo. N kò ní dárúkọ rẹ̀, òkè ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. A kọ ìwé ìgun-òkè sílẹ̀ fún ọlọ́pàá bó ṣe yẹ: orúkọ wa, ọ̀nà tí a máa gbà, aago tí a máa padà. A lẹ awọ mọ́ abẹ́ síkì kó má bàa yọ̀ padà, a bẹ̀rẹ̀ sí gùn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé atẹ́gùn ti gbá yìnyín kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan òkè náà, ó sì ti kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tí a ń lọ. Ìkejì, bí mo ṣe gbé síkì mi lé ibì kan, ilẹ̀ là láti ṣóńṣó rẹ̀ lọ síwájú, ojú là tẹ́ẹ́rẹ́ bí awo tó sán. Ìkẹta ni ohùn àpò gàrí yẹn.

Ohun tó ń fa ohùn náà rèé. Yìnyín kì í rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ń tò léra bí aṣọ nínú àpótí ni. Bí òru kan bá tutù tí ojú ọ̀run sì mọ́, nǹkan kéékèèké bí ìyẹ́ á hù sórí rẹ̀, ẹlẹ́gẹ́ ni. Bí yìnyín tuntun bá wá rọ̀ lé e, ìyẹ́ wọ̀nyẹn á wà lábẹ́ níbẹ̀, wọ́n á ru ohun tó ju agbára wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni èèyàn á wá gbé ẹsẹ̀ lé e. Gbùù: ìyẹ́ ti wó. Níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, ohùn náà ni gbogbo rẹ̀. Níbi tó bá ti dàgẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tó wà lórí á yọ̀ bọ̀. Òkè fúnra rẹ̀ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀, kò sì ní tún un sọ.

Kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀? Mo ti bi ara mi ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ. Wọ́n tọ́ mi dàgbà lórí pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé lè gun igi kó má rí i. Ẹ̀gbọ́n wà níwájú, ó ti ń gun òkè láti ìgbà tí n kò tíì wọ ṣòkòtò. Bí ohùn yẹn bá jẹ́ nǹkan, ṣé òun kọ́ ló yẹ kó sọ? Àwọn ará Japan náà ní tiwọn. Wọ́n ní kéèyàn máa "ka afẹ́fẹ́": kó wo ojú àwùjọ, kó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan là á lẹ́nu. Àwa náà ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Oòrùn ọjọ́ yẹn mú tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa fi wọ awò dúdú.

Nígbà tí a dé òkè téńté, akọ̀wé bi wá bóyá ó dáa. Ẹnì kan dáhùn pé, "Daijōbu." Ọ̀rọ̀ yẹn ni "kò sí wàhálà" tiwa. Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́. Ó lè jẹ́ èmi.

Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó fò léfòó bí ẹyẹ, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ igi nísàlẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè. Àǹtí tẹ̀ lé e. Bó ṣe yí lẹ́ẹ̀kẹta, ilà kan fà kọjá lókè orí rẹ̀ láti ọ̀tún dé òsì, ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ ya nílé télọ̀. Gbogbo ojú òkè náà gbéra. Kò yára níbẹ̀rẹ̀. N kò lè gbàgbé pé kò yára. Mo rí Àǹtí tó ń gbé apá bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà n kò rí i mọ́. Eruku funfun gba ibẹ̀ kan. Bó ṣe bọ́ lulẹ̀ tán, òkè náà dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹyẹ kan sì ń ké níbì kan bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ń pariwo láti ìsàlẹ̀. Ọmọ yunifásítì ní òun á dúró sókè láti máa ṣọ́ ibi tó kù kó má tún ya, ó sì tẹ aago rẹ̀. Èmi àti akọ̀wé sọ̀ kalẹ̀ lórí ibi tó ti ya, a yí bíkọ̀n wa sí ọwọ́ wíwá. Nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ ni mítà tó kù sí ọ̀dọ̀ ẹni náà. 38. 24. 41. 19. 33. Kò bọ́gbọ́n mu, ó ń fò sókè sódò bíi tata. Akọ̀wé ló kígbe mọ́ mi: "Fóònù rẹ!" Mo fi fóònù sápò àyà, níbi tí mo di bíkọ̀n mú sí gẹ́lẹ́. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó ń wá èèyàn gbọ́dọ̀ gbé fóònù jìnnà sí bíkọ̀n, ó kéré tán ìwọ̀n 50 sẹ̀ǹtímítà, torí ó máa ń da ohùn rẹ̀ rú. Mo fà á yọ, mo jù ú nù. Níbẹ̀ ló wà títí dòní, àfi bí ẹnì kan bá ti rí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

17. 11. 6. Mo kúnlẹ̀, mo ń fi bíkọ̀n náà ra ilẹ̀. 2.1. 1.3. 0.9. 1.2. Mo padà. 0.9. Akọ̀wé nà zonde, ó gún un. Kò sí nǹkan. Ó gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dúró. Kò dún bí òkúta, kò le bí igi. Ó ń tẹ̀ díẹ̀ bíi tìmùtìmù. A fi ọ̀pá náà sílẹ̀ níbẹ̀, a kọjá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí walẹ̀ wọ ẹ̀gbẹ́ lọ. Èlùbọ́ àárọ̀ yẹn ti di sìmẹ́ńtì. Ẹ̀gbọ́n ti sáré gòkè dé ọ̀dọ̀ wa, ó ń kó èyí tí a ń wú dànù sẹ́yìn. Irun ni mo kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀, ètè rẹ̀ dúdú bí ẹni tó fẹnu kan aró. Ẹ̀gbọ́n fi ìka gbá yìnyín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó húkọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni, "Sumimasen." Ẹ máà bínú, mo dà yín láàmú.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ọmọ yunifásítì sọ ọ́ láti òkè, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n pe 110, nọ́ńbà ọlọ́pàá. Ojú ọ̀run tó tàn wá jẹ láàárọ̀ ló tún wá ṣàánú wa, hẹlikópítà ráyè fò. Ó gbà á tó wákàtí kan kó tó dé. Orúnkún Àǹtí ti yẹ̀, iṣan inú rẹ̀ sì já.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, gbogbo wa jókòó yí ìkòkò nabe ká ní ilé Àǹtí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sórí àga. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ òkè. Ẹ̀gbọ́n gbé igi méjì tó fi ń jẹun sílẹ̀, ó ní, "Ta ló gbọ́ ohùn yẹn?"

Ó pẹ́. Ọmọ yunifásítì ló kọ́kọ́ nawọ́. Èmi nà. Akọ̀wé nà. Àǹtí fúnra rẹ̀ nawọ́. Ẹ̀gbọ́n ló nawọ́ kẹ́yìn. Ó ní òun gbọ́ ọ, òun sì bojú wẹ̀yìn ní kọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e láti wò wá. Ó ní òun rí awò dúdú mẹ́rin, kò sí èyí tó yí, òun bá rò pé bóyá òun ti ń darúgbó ni, pé ẹ̀rù ló ń ba òun. Ó wá dọ̀bálẹ̀ fún Àǹtí bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wọn, iwájú orí rẹ̀ kan ẹní.

Èmi ti ń wo àgbà. Àgbà ti ń wo wa. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi.

Láti ìgbà yẹn, ìròyìn nadare kan kì í kọjá kí n má wá ohùn náà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 2017, ní Nasu, ní ìpínlẹ̀ Tochigi, àwọn olùkọ́ kó àwọn ọmọ ilé ìwé gíga wá kọ́ ìgun-òkè. Yìnyín pọ̀, wọ́n fagi lé òkè tí wọ́n fẹ́ gùn, wọ́n wá fi ìrìn nínú yìnyín jíjìn rọ́pò rẹ̀. Nadare pa ọmọ ilé ìwé méje àti olùkọ́ kan. Ní 2024, ilé ẹjọ́ ní Utsunomiya rán olùkọ́ mẹ́ta lẹ́wọ̀n ọdún méjì-méjì. Èmi máa ń ro àwọn ọmọ tó wà lórí ìlà yẹn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tiẹ̀ rò pé kò dáa, ta ni yóò sọ ọ́ fún? Kò sì jẹ́ pé àwọn ọmọ nìkan ló ń kú. Ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2023, lórí Hakuba Norikura ní Nagano, nadare pa Kyle Smaine, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba góòlù nínú ìdíje àgbáyé síkì ní 2015. Bí mímọ síkì bá ń gbani, òun ì bá máa bẹ láyé.

A kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa sílẹ̀, a sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń lo òkè náà: ibi tó ti ya, bó ṣe ga tó, àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a rí, àti fóònù mi. Akọ̀wé ò fẹ́. Ní Japan, bí ìròyìn bá jáde pé wọ́n gba ẹnì kan là ní ẹ̀yìn okùn, èébú ló máa ń tẹ̀ lé e. Jiko sekinin, wọ́n á ní: ẹrù ara rẹ ni, gbé e. Ẹ jẹ́ kó san owó hẹlikópítà. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, owó orí wọn ni hẹlikópítà fi ń fò. Ṣùgbọ́n èébú yẹn ló ń mú káwọn èèyàn máa fi ọ̀ràn wọn pamọ́, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì wá tẹ ibi kan náà. Àwọn kan bú wa lóòótọ́. Ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ilé ìwẹ̀ onsen lẹ́sẹ̀ òkè náà tẹ lẹ́tà náà síwèé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà.

Màmá mi gbọ́ ọ lórí fóònù tuntun mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá bi mí bóyá mo rántí Òkè Adó, nígbà tí wọ́n kó wa lọ wo adágún Ìyákẹ̀ tí àgbà kan kìlọ̀ fún wa pé ká má sún mọ́ omi. Mo ní mo rántí. Ó ní, "Ṣebí o gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, "Àgbà tó sọ̀rọ̀ nìyẹn o. Èyí tí kò sọ̀rọ̀, kí lo ń tẹ̀ lé?"

Nínú ẹgbẹ́ wa báyìí, kí ẹnì kankan tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Ẹ̀gbọ́n ló ń sọ kẹ́yìn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀; mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, wọ́n ní kí n tún un sọ. Awò dúdú kì í wà lójú nígbà náà. Bí ẹnì kan bá ní kí a padà, a ò ní bi í léèrè ìdí. Ìyẹn ló le jù fún mi, torí Yorùbá ni mí, mo fẹ́ràn àlàyé.

Ìgbà òtútù tó kọjá, ọmọbìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ọmọ ọdún méjìlélógún. Ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni. Àǹtí wà níbẹ̀, ó ti ń rìn dáadáa. A ti wa ọkọ̀ fún wákàtí méjì láti ìdájí, ojú ọ̀run mọ́, òkè náà ń tàn. Ó kan ọmọbìnrin náà láti sọ̀rọ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ràn bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ yìnyín lókè ọ̀hún, ó ní ẹ máà bínú.

Ẹ̀gbọ́n yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. A padà sí Sapporo lọ jẹ soup curry. Oòrùn ràn títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn mìíràn gun òkè náà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní àlàáfíà, wọ́n sì gbádùn ara wọn gan-an gẹ́gẹ́ bí àwòrán wọn ṣe fi hàn. Ẹ̀gbọ́n ló san owó oúnjẹ ọmọbìnrin náà.